Bí ẹ ṣe máa fi imú wọ Tube ní London

Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London, gbogbo èèyàn ló máa fẹ́ kọ́ yín ní Tube, ìyẹn tíréènì abẹ́ ilẹ̀ ìlú náà. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi káàdì kan ẹ̀rọ kí géètì tó ṣí, wọ́n á ní ọwọ́ ọ̀tún ni kẹ́ ẹ dúró sí lórí àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra ẹ̀ kí ẹni tó ń kánjú lè gba òsì kọjá, wọ́n á ní ẹ má wo ẹnikẹ́ni lójú. Kò sẹ́ni tó máa bá yín sọ̀rọ̀ òórùn. Bẹ́ẹ̀ òórùn gan-an ló máa kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ yẹn, kí tíréènì fúnra ẹ̀ tó dé. Èmi ti ń wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ láti bí ọdún 11 sẹ́yìn, mo sì ti wá gbà pé imú máa ń mọ nǹkan tójú ò tíì rí níbẹ̀, torí náà mo fẹ́ kọ bẹ́ ẹ ṣe máa gbọ́ tiẹ̀, àti bẹ́ ẹ ò ṣe ní di ẹni táwọn tó kù ń fi imú wá kiri.

Ká ti ibi tó le jù bẹ̀rẹ̀, ìyẹn kóòṣì tó ṣófo. Oṣù kejì tí mo dé, mo dúró ní sítéṣọ̀n Stockwell ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, mo ń lọ sí sítéṣọ̀n Bank. Northern line, ọ̀kan nínú àwọn láìnì Tube, lásìkò yẹn, ẹ ò rí irú ẹ̀ rí, èèyàn há mọ́ra bíi tòmátì inú apẹ̀rẹ̀ Mile 12, ojú àwọn kan lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Tíréènì méjì ti kọjá tí mi ò ráyè wọ̀. Ìkẹta dé, kóòṣì àkọ́kọ́ kún, èkejì kún, èyí tó wá dúró síwájú mi gan-an, èèyàn inú ẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ. Mo ní Olúwa o ṣeun, àdúrà ìyá mi ti gbà. Mo wọlé, mo jókòó, ilẹ̀kùn pa dé. Ìgbà tó pa dé tán ni mo tó mí.

Omi bọ́ lójú mi, mi ò parọ́. Èébì wà nílẹ̀ lábẹ́ ìjókòó kan, ó ti pẹ́ níbẹ̀, ooru ti sè é, ẹnì kan sì ti fi pépà ìròyìn bò ó, pépà yẹn ti rin gbindin. Mo ké “Yéè, mo gbé!” láìmọ̀. Ìyá àgbà kan wà ní igun, ó wé gèlè kékeré, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀, bó ṣe gbọ́ “mo gbé” ló yíjú sí mi, ó ní, “Ọmọ mi, ṣó o rò pé gbogbo àwọn òyìnbó tó fún mọ́ra lọ́hùn-ún yẹn fọ́jú ni?” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀yin náà wá ńkọ́?” Ó ní kátá ló ń ṣe òun láti ọjọ́ Sunday, òun ò gbóòórùn nǹkan kan, òun kàn rí ibi jókòó ni.

Torí náà, tí tíréènì bá ń wọlé, ẹ má tẹjú mọ́ fóònù, ẹ wo àwọn kóòṣì bí wọ́n ṣe ń kọjá níwájú yín. Tí gbogbo ẹ̀ bá kún tó wá ku ẹyọ kan tó ṣófo láago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Nígbà ooru, ó lè jẹ́ pé AC kóòṣì yẹn ló kú, ìyẹn náà ò kúkú dáa. Kẹ́ ẹ sì mọ irú tíréènì tẹ́ ẹ wà nínú ẹ̀ torí ìyẹn ló máa sọ bóyá ẹ lè sá. District, Circle, Metropolitan, Hammersmith & City àti Elizabeth line, inú wọn já síra wọn látòkèdélẹ̀, tí nǹkan bá ń rùn níbí ẹ lè dìde kẹ́ ẹ rìn lọ sọ́hùn-ún. Àmọ́ Northern, Central, Bakerloo, Victoria, Jubilee, ilẹ̀kùn tó wà láàárín kóòṣì wọn, tìtorí pàjáwìrì ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀nà. Ẹ máa fara dà á dé sítéṣọ̀n tó kàn ni, kẹ́ ẹ sáré bọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ gba ilẹ̀kùn kóòṣì kejì wọlé kó tó gbéra. Ẹ má tijú, gbogbo wa la ń ṣe é. Láàárín kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ lọ dúró sí ìdí ilẹ̀kùn ìpẹ̀kun kóòṣì yẹn, gíláàsì òkè ẹ̀ sábà máa ń ṣí, ariwo á fẹ́rẹ̀ẹ́ di yín létí o, àmọ́ ẹ óò rí afẹ́fẹ́ mí.

Òórùn Tube fúnra ẹ̀ wá yàtọ̀ sí ti èèyàn. Tẹ́ ẹ bá wà lórí plátífọ́ọ̀mù, kí iná tíréènì tó yọ, afẹ́fẹ́ kan á ti inú ihò yẹn fẹ́ jáde, á gbé bébà, á gbé etí aṣọ. Ihò àwọn láìnì tó jìn sísàlẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju tíréènì lọ, tíréènì á wá máa ti afẹ́fẹ́ níwájú bí nọ́ọ̀sì ṣe ń ti oògùn inú abẹ́rẹ́. Ohun tó bá afẹ́fẹ́ yẹn wá ni irin gbígbóná, òróró mọ́tò tó ti pẹ́, eruku, àti nǹkan kan bí ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ẹni tó bá dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà á mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi fẹ́ràn ẹ̀, ẹ má bínú sí mi, ó máa ń gbé mi padà sí ìta ilé wa ní Mushin.

Eruku yẹn, irin ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, láti ara bí táyà irin ṣe ń ha ojú irin àti bí bíréèkì ṣe ń jẹ, ìyókù ni awọ ara wa, irun wa àti fọ́nrán aṣọ wa. Láìnì tó bá ń yọ síta lójú ọ̀nà, atẹ́gùn á gbá díẹ̀ lọ, àmọ́ Victoria line, láti Brixton títí dé Walthamstow Central, èrò inú ẹ̀ ò fojú kan oòrùn rárá, eruku ẹ̀ ò ríbi lọ. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fun imú lálẹ́ tẹ́ ẹ rí i pé ohun tó jáde dúdú bí ìdí ìkòkò, ẹ má pe ilé pé ẹ fẹ́ kú. Gbogbo ará London ló mọ̀ ọ́n. Ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ imú tẹ́ ẹ bá délé, ẹ kó tíṣù sí àpò, ẹni tó bá ní ikọ́ fée kó má jáde láìmú oògùn àfàsímú ẹ̀ dání, kó sì máa wọ ìbòmú gidi, èyí tí wọ́n ń pè ní FFP2, torí aṣọ lásán tí wọ́n rán ò lè dá eruku kíkúnná yẹn dúró.

Ohun tó ń sọ òórùn kékeré di ńlá lábẹ́ ilẹ̀ ni ooru. Lọ́dún 1863 ni wọ́n ṣí ti àkọ́kọ́, láti Paddington sí Farringdon, òun sì ni àkọ́kọ́ lágbàáyé, ọkọ̀ tó ń jẹ èédú ló ń fà á nígbà yẹn, ẹ wá ro bí inú ihò yẹn ṣe máa rí. Láti 1890 ni wọ́n ti ń fi iná mọ̀nàmọ́ná wa àwọn tó jìn sísàlẹ̀, èéfín lọ, ooru dúró. Inú amọ̀ ni wọ́n gbẹ́ àwọn ihò yẹn sí. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ẹ, amọ̀ yẹn tutù, bí 14°C, wọ́n tiẹ̀ máa ń lẹ bébà kiri ìgboro pé kí àwọn èèyàn wá sísàlẹ̀ wá gbatẹ́gùn nígbà ooru. Ẹ mọ ìkòkò amọ̀ ṣá, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀ kúrò lórí iná, ọbẹ̀ inú ẹ̀ á ṣì máa hó. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí mọ́tò, bíréèkì àti ara èèyàn ti ń tú ooru sínú amọ̀ yẹn, ó ti mu ún yó, ó ti kọjá 20°C ní ọ̀pọ̀ ibi báyìí, kò sì ríbi pọ̀ ọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí abíyá ẹnì kan ṣoṣo fi lè kún kóòṣì.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nìyí: láti June dé August, tẹ́ ẹ bá ní ọ̀nà méjì tẹ́ ẹ lè gbà débi tẹ́ ẹ ń lọ, ẹ mú èyí tó ní AC kódà kó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́ jù. Elizabeth line tí wọ́n ṣí ní 2022 ní in, District, Circle, Metropolitan àti Hammersmith & City náà ní in. Central àti Bakerloo ni kẹ́ ẹ sá fún. Tíréènì Bakerloo yẹn, láti 1972 ni wọ́n ti ṣe oríṣi ẹ̀, ó ju èmi tí mò ń kọ̀wé yìí lọ. Ihò wọn ò láyè tí AC máa ju ooru sí ni wàhálà ibẹ̀. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́, ẹ má bọ́ sí àárín, ẹ wá ìpẹ̀kun kóòṣì, ẹ gbé omi dání. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gbá irin òkè mú, ẹ ronú o, torí ẹni tó bá na ọwọ́ sókè ti ṣí abíyá ẹ̀ sí ojú ẹni tó jókòó. Ẹ wá irin tó wà lóòró, ẹ dì í mú ní ìsàlẹ̀.

Nígbà òtútù ni tiwa wá burú sí jù, mo sì fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí èyí torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún èmi. Níta 3°C, inú tíréènì bí ààrò, ẹ̀yin sì wà nínú kóòtù tó nípọn bíi tìmùtìmù. Kóòtù yẹn ló ń rùn o, kì í ṣe ẹ̀yin. Ilé wa níbí kéré, ibi tí wọ́n ń fi kóòtù kọ́ ni pásééjì, pásééjì sì kọjú sí kíṣìnì, fèrèsé tì pa nítorí òtútù, lẹ́yìn náà lẹ wá gbé epo kaná ní Saturday kẹ́ ẹ din ata, ẹ din ẹja, ẹ sè fún gbogbo ọ̀sẹ̀. Kóòtù wà níbẹ̀ tó ń mu ún. Nígbà tó bá di Monday ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan torí ilé yín náà ló ń rùn bẹ́ẹ̀, imú yín ti mọ́ ọn lára, àmọ́ ẹ bá wọ tíréènì, ara yín bá gbóná, kóòtù á bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́: àlùbọ́sà, ata rodo, máágì, táìmù. Ẹni ẹ̀gbẹ́ yín á mọ ohun tẹ́ ẹ jẹ ju ọkọ yín lọ.

Kẹ́ ẹ tó gbé epo kaná, ẹ kó gbogbo kóòtù àti ìbòrùn lọ sínú yàrá, ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá náà, ẹ fi táwẹ̀lì di ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ẹ ṣí fèrèsé kíṣìnì bó ti wù kó tutù tó. Ẹ wọ aṣọ tẹ́ ẹ mọ̀ pé aṣọ ìdáná ni, kẹ́ ẹ sì dì orí, torí wíìgì àti irun dídì máa ń gba òórùn ata ju aṣọ lọ, ẹ sì mọ̀ pé ẹ ò lè fọ irun dídì lójoojúmọ́. Kóòtù tó bá ti gbà á, ẹ má fín nǹkan kan sí i lára, ẹ gbé e síta sí bàkónì mọ́jú, òtútù ìta yẹn fún ra ẹ̀ á gbá a lọ. Kóòtù tí òjò pa ni kẹ́ ẹ má wọ̀ padà tí kò bá tíì gbẹ, ó máa ń rùn bí ajá tó jáde lódò, kò sì sí ará London tí kì í rùn bẹ́ẹ̀ ní November, nítorí náà ìyẹn ò tún jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Mo ní ẹ má fín nǹkan sí i, mo mọ̀ pé àwọn kan ò ní gbà. Lọ́fínńdà wa lágbára, túràrí wa lágbára, a fẹ́ràn kí wọ́n gbóòórùn wa ká tó dé. Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn kan fún yín. Ní oṣù kẹta ọdún 2001, àwọn tó ń darí Tube fúnra wọn gbìyànjú ẹ̀. Wọ́n po lọ́fínńdà kan, wọ́n sọ ọ́ ní Madeleine, wọ́n fi í sí sítéṣọ̀n mẹ́ta, St James's Park, Euston àti Piccadilly Circus, pé kí ibẹ̀ lè máa ta sánsán. Kò tó ọjọ́ méjì tí wọ́n fi kó o kúrò, torí pé àwọn èrò ní ó ń rìn àwọn lára, èébì ń gbé àwọn. Òdòdó lórí irin gbígbóná lórí òógùn! Lọ́fínńdà kì í pa òórùn, ńṣe ló ń gun orí ẹ̀. Ẹ wẹ̀, ẹ fi nǹkan abíyá sí abíyá, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ fín lọ́fínńdà lẹ́ẹ̀kan péré sí àyà lábẹ́ aṣọ. Ẹni tó bá fẹ́ ta sánsán kó dúró dọjọ́ ìgbéyàwó.

Ó wá kan irú.

Àwa tá à ń gbé jìnnà sí Peckham, àdúgbò tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ilé wa, a ṣì máa lọ síbẹ̀ ra nǹkan, kò sọ́gbọ́n tá a lè dá sí i. Mò ń gbé lápá Harlesden báyìí, tí mo bá ti Rye Lane ní Peckham ń bọ̀, máa wọ bọ́ọ̀sì 12 dé Elephant & Castle, kí n wá wọ Bakerloo látìbẹ̀rẹ̀ láìnì, mo lè jókòó nígbà yẹn. Lọ́jọ́ kan mo ra irú pẹ̀tẹ̀, ọ̀rá kan ṣoṣo ni wọ́n dì í sí, mo jù ú sísàlẹ̀ báàgì, mo gbé báàgì sábẹ́ ìjókòó. Kò tíì dé Waterloo tí òyìnbó tó kọjú sí mi gbé bàtà ọ̀tún wò. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó gbé tòsì wò. Lẹ́yìn náà ló rọra tẹ̀ ba, ó wo bàtà obìnrin tó jókòó tì í. Èmi gbójú sókè, mò ń ka orúkọ sítéṣọ̀n bí ẹni tó ní ìdánwò. Èéfín nìwà, wọ́n ní rírú ló ń rú, irú náà èéfín ni jàre.

Ohun tí mo ń ṣe láti ọjọ́ yẹn nìyí. Mo máa ń bi oníṣọ́ọ̀bù bóyá ó ní èyí tó wà nínú fírísà, torí irú tó ti dì gan-an kì í rùn, ìgbà tó bá ń yọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ irú wòrò ó sàn díẹ̀ ju pẹ̀tẹ̀ lọ, ti pẹ̀tẹ̀ máa ń ṣomi, omi yẹn ló ń jò. Mo máa ń mú ike onídèérí tó ní rọ́bà létí láti ilé, kì í ṣe ike áísìkirímù o, ìdérí ìyẹn ò dé dáadáa. Mo á fún afẹ́fẹ́ inú ọ̀rá irú yẹn dànù, mo á so ó, mo á fi ọ̀rá kejì wé e, kó tó wọnú ike. Pépà ìròyìn ni mo fi ń yí ike yẹn ká torí pépà máa ń fa òórùn mu, kí gbogbo ẹ̀ tó wá wọ inú kúlà aláṣọ tó ní síìpù. Pánla àti òkpóróko ní tiwọn, ẹ ní kí wọ́n bá yín gé e níbẹ̀, egungun ẹ̀ máa ń dá ọ̀rá lu lójú ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, kẹ́ ẹ fi pépà wé e nípọn kó tó kan ọ̀rá. Ẹja yíyan náà bẹ́ẹ̀.

Ìlẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì ni kẹ́ ẹ gbé báàgì sí. Tó bá wà lórí itan, ara yín á yọ́ ọ. Tó bá wà lábẹ́ ìjókòó nígbà òtútù, àwọn tíréènì míì ní híítà níbẹ̀, ìyẹn ló kó mi sí wàhálà lọ́jọ́ yẹn, ńṣe ni mo lọ gbé irú kaná. Ẹ tètè lọ, ẹ tètè bọ̀, kẹ́ ẹ ti kúrò lójú ọ̀nà kó tó di aago mẹ́rin tí àwọn oníṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Mi ò ní kẹ́ ẹ tijú o. Wàràkàṣì aláwọ̀ búlúù tí àwọn òyìnbó ń jẹ, mo ti jókòó tì í láti Baker Street délé, kò sẹ́ni tó gbé bàtà wò. Mo kàn ní kẹ́ ẹ dì í dáadáa ni, torí irú tó rùn tán sínú tíréènì, kí ló máa kù fún ọbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ gbígbóná kò gùn. Òfin ò ní kẹ́ ẹ má jẹun nínú Tube, ọtí ni wọ́n fòfin dè láti June 2008. Àmọ́ jọ̀lọ́ọ̀fù gbígbóná láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ nínú Central line, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú wa, kì í ṣe pé ó ń rùn, ebi ń pa wá ni.

Ti òru Friday àti Saturday tún yàtọ̀. Láti 2016 ni àwọn láìnì kan ti ń ṣiṣẹ́ mọ́jú lọ́jọ́ méjèèjì yẹn, Victoria, Central, Jubilee, Northern àti Piccadilly, àwọn oníṣẹ́ alẹ́ bíi tèmi dúpẹ́, àmọ́ a máa ń pàdé àwọn tó ti ibi àríyá bọ̀. Adìẹ díndín, kébáàbù, ànàmọ́ tí wọ́n da fínígà sí, ẹnu tó ń rùn bíà. Kóòṣì tó súnmọ́ dírẹ́bà ni kẹ́ ẹ wọ̀. Kẹ́ ẹ tó jókòó, ẹ wo abẹ́ ìjókòó, kẹ́ ẹ wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìjókòó fúnra ẹ̀. Aṣọ ni wọ́n fi ṣe ìjókòó Tube, aṣọ tó nípọn, tó ní àwọ̀ oríṣiríṣi bí àǹkárá, kò sóhun tó dà sí i tẹ́ ẹ máa fojú rí. Ọwọ́ ló máa sọ fún yín pé ó tutù, imú ló máa sọ ohun tó fà á. Ẹni tí ìdí ẹ̀ bá sọ fún ún, ó ti pẹ́ jù.

Òórùn kan wà tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fi ṣeré, ìyẹn òórùn ìjóná. Bíréèkì máa ń rùn bí nǹkan tó ń jó tí tíréènì bá dúró lójijì, ti irin nìyẹn, ìṣẹ́jú kan á ti lọ. Ti rọ́bà tàbí wáyà tó ń jó yàtọ̀, ó máa ń ta yín ní ọ̀fun, kì í lọ, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ má dákẹ́ pé àwọn òyìnbó ò sọ nǹkan kan, àwọn náà ń wo ojú yín ni. Tó bá jẹ́ pé inú ihò lẹ wà, tẹ́ ẹ fa ọwọ́ pàjáwìrì, tíréènì sábà máa ń lọ títí dé sítéṣọ̀n tó kàn kó tó dúró torí ibẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ wà, nítorí náà bí kò bá sí iná tàbí èéfín tẹ́ ẹ fojú rí, ẹ bọ́lẹ̀ ní sítéṣọ̀n tó kàn, ẹ wá òṣìṣẹ́, tàbí kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì Help Point tó wà lára ògiri plátífọ́ọ̀mù, ẹ sọ kóòṣì tó jẹ́ àti ibi tó ń lọ. Tẹ́ ẹ bá rí èéfín, ẹ kúrò níbẹ̀ ná. Iná tí wọn ò gbàgbé níbí ni ti sítéṣọ̀n King's Cross, 18 November 1987, ìṣáná tí ẹnì kan jù sílẹ̀ ló bọ́ sábẹ́ àtẹ̀gùn onígi tó ń rìn fúnra ẹ̀, èèyàn 31 ló kú. Wọ́n ti fòfin de sìgá nínú tíréènì ṣáájú ìgbà yẹn, àmọ́ àwọn kan ṣì máa ń ṣá a bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn jáde. Èrò ọkọ̀ ló kọ́kọ́ rí iná yẹn nígbà tó ṣì kéré.

Àwọn aláboyún, ẹ gba báàjì Baby on Board, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á dìde fún yín, àwọn míì á ṣe bí ẹni tó ń sùn, ẹ bi wọ́n. Ẹ jókòó tàbí kẹ́ ẹ dúró nítòsí ilẹ̀kùn, tí inú bá ń ru, ẹ bọ́lẹ̀, tíréènì míì ń bọ̀. Èèpo ọsàn tútù nínú àpò ṣiṣẹ́ fún ìyàwó mi, ó máa ń fi èékánná ha á kó tó gbé e símú. Robb náà dáa lábẹ́ imú, díẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́ ni o, torí àwọn tó kù náà á gbọ́ ọ, wọ́n á rò pé ilé ìwòsàn làwọn wọ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ẹ̀yin gan-an lẹ ń rùn? Àwọn kan ní tí tíréènì bá kún tó wá jẹ́ pé ìjókòó ẹ̀gbẹ́ yín nìkan ló ṣófo. Ẹ má tètè gba ìyẹn gbọ́. Èmi ti wẹ̀, mo ti wọ aṣọ tuntun, mo jókòó, ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo láti Brixton dé Oxford Circus, èèyàn dúró lórí mi, dúdú ara mi ni wọn ò fẹ́ jókòó tì, kì í ṣe òórùn. Ẹ mọ ìyàtọ̀ kẹ́ ẹ má lọ máa gbóòórùn ara yín kiri lásán. Ọmọdé ni kẹ́ ẹ bi. Ìyàwó á ní kò burú, ọ̀rẹ́ á ní ẹ ò rùn, ọmọdé ò mọ irọ́ ìyẹn pa. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo gbé ọmọ mi obìnrin, ọdún mẹ́fà ni, mo ti wọ kóòtù tán mo fẹ́ máa lọ síbi iṣẹ́, ó dì mọ́ mi lọ́rùn, ó fa imú, ó ní, “Daddy, ẹ ń rùn bí ẹ̀fọ́ rírò.” Mo bọ́ kóòtù yẹn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo gbé e síta sí bàkónì, ìborùn ìyá ẹ̀ ni mo fi wọ́ra jáde. Kóòtù ọ̀hún ṣì wà níta bí mo ṣe ń kọ eléyìí, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀.